Orí Kẹrin: Obìnrin Ìdí Òpó Kọkànlélógún

Apá, ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀daràn sókè, ti gbé ọkùnrin náà dé ìdajì òpó kí obìnrin yẹn tó já sídìí tábìlì mi. Eré tó sá ti já bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sì mú bàtà náà dání bí ìgbà tí èèyàn mú ìwé ẹ̀rí wá sí kóòtù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ará Odi ni. Ó wà nínú Ìwé."

Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ọdún kẹsàn-án mi rèé gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé lábẹ́ agboòrùn ní Ọ̀nà Òpó, mi ò sì tíì rí ìyá tàbí ìyàwó kan tó wá bá mi tí kò ní sọ pé ẹni tòun wà nínú Ìwé Ìlú. Mo na àga sí i, kò jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, Apá ń ké wíì-wíì, ó ń fa igi ìdábùú lọ sókè pẹ̀lú ọkùnrin tí wọ́n dè mọ́ ọn. Láti Ẹnubodè Òkun ni ọkùnrin náà ti ru igi ọ̀hún lé èjìká wá fúnra rẹ̀, nítorí òfin ni pé kí kálukú gbé tirẹ̀. Nígbà tí igi dé góńgó òpó, ó bọ́ sínú ihò rẹ̀, ó dún gbà, ẹ̀rọ sì dákẹ́.

Pátákó ọrùn rẹ̀ ń tàn yanran lójú oòrùn. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé: OYÈÉNÍRAN. KÒ SÍ NÍNÚ ÌWÉ. Ó ṢÍ ILẸ̀KÙN ÒKUN FÚN ARÁ ÌTA.

Mo ní, "Ẹ gbọ́, ìyá. Kóòtù wò ó, èmi náà wò ó lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Kò sí Oyèéníran kankan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú Ìwé."

"Lóòótọ́, kò sí," ló wí, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

Mo gbójú sókè wò ó dáadáa nígbà yẹn. Èèyàn tó bá wá bẹ̀bẹ̀ kì í gbà pé kò sí.

Mo mọ ọ̀ràn tí ọkùnrin òkè yẹn dá. Gbogbo Odi ló mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi gírísì pa ilẹ̀kùn òkun kí iyọ̀ má bàa jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìjì dojú ọkọ̀ kan dé lẹ́yìn odi, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì wẹ̀ débi ilẹ̀kùn, wọ́n ń lù ú. Wọ́n ní mọ́kànlá ni wọ́n, abiyamọ wà nínú wọn. Ó ṣí i. Ká ní ó ní nọ́ńbà nínú Ìwé ni, oṣù mẹ́fà ni ì bá fi ru òkúta lórí odi, ì bá sì padà sílé lọ jẹun. Ṣùgbọ́n òpó ni ti ẹni tí kò ní nọ́ńbà, bó ti wù kí ọ̀ràn rẹ̀ kéré tó.

Àwa kọ́ la dá òpó sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ká sọ nìyẹn. Ìwé pélébé kan wà tí gbogbo akọ̀wé há sórí, nípa àwọn ará Róòmù àtijọ́: bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀daràn ru igi ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sára pátákó, bí wọ́n ṣe to ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ẹrú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo, àti bí wọn kì í fi irú rẹ̀ jẹ ọmọ ìlú níyà. Ọmọ Odi tí kò mọ orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ mọ ìyẹn. Àwọn ará Róòmù máa ń fi ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣe tiwọn. Àwa ń parí tiwa láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí irin bá jáde láti ìdí òpó tó sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí rẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sókè mọ́ kò ní rí èémí mí. Àánú ni ìgbìmọ̀ pè é. Ohun tí mo gbọ́ ni pé àwọn awakọ̀ ló fẹjọ́ sùn pé ariwo kì í jẹ́ káwọn gbádùn ọ̀nà.

Aago ara òpó fi aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú hàn.

"Bí mo bá sọ nǹkan kan fún yín," obìnrin náà wí, "ṣé ẹ̀rọ á gbọ́?"

Nǹkan dúdú roboto kan wà lórí tábìlì mi, Etí là ń pè é. Ohun tó bá ti gbọ́ kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, mo ní, "Kò tíì gbọ́. Ẹ sọ ọ́."

Ó tẹrí ba sún mọ́ mi. "Ó wà níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi kọ ọ́ ni kì í ṣe tiẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́. Àbúrò ọkọ mi ni. Lọ́dún tí wọ́n ka èèyàn, oṣù mẹ́fà péré ni mo tíì lò nílé ọkọ. Ọkọ mi ti kọ tiẹ̀ níbi iṣẹ́, ìyá ọkọ mi wà lọ́sibítù, èmi àtàbúrò ọkọ mi nìkan la wà nílé. Mò ń dín gàrí lọ́wọ́ nígbà tí akọ̀wé dé. Ó ní kí lorúkọ ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Bí ìyá ọkọ mi bá gbọ́ pé mo pe ọmọ rẹ̀ gbàgà sétí àlejò, ilé yẹn ò ní gba èmi àti ẹ̀ mọ́. Mo bá sọ orúkọ tí mo fún un."

"Orúkọ wo lẹ fún un?"

"Eyínfúnjowó."

Mo ní, "Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́, tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka?"

"Ọdún yẹn ni ìyá ọkọ mi kú. Àárín rògbòdìyàn ìsìnkú la wà, ta ló rántí ìka? Káàdì agboolé la sì ń lò. Orí èèyàn ni ẹnubodè ń kà, kì í ka orúkọ. Ọkọ mi náà kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò rán wa létí. Àná tí wọ́n ṣẹjọ́, wọn ò jẹ́ ká wọlé. Ìgbà tí mo ka pátákó ọrùn rẹ̀ lónìí ni mo tó mọ ohun tí ẹnu mi ṣe."

Mi ò gbé ọwọ́ kúrò lórí Etí. Mo fi ọwọ́ kejì tẹ orúkọ náà sójú Dígí tó wà níwájú mi, ojú ìwé kan sì ṣí wẹ́rẹ́: Eyínfúnjowó, ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá lọ́dún tí wọ́n ka èèyàn. Òótọ́ ló sọ. Ará Odi ni ọkùnrin tó ń kú lọ lókè yẹn.

Mo wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, níbi tí akọ̀wé tó kọ ọ́ máa ń fi àmì rẹ̀ sí. Àmì mi ni.

Mi ò rántí ilé náà. Ọgọ́ta ilé ni wọ́n fún mi kà lọ́jọ́ náà, ebi sì ń pa mí. Ṣùgbọ́n mo rántí òórùn gàrí gbígbóná, mo rántí ìyàwó kékeré kan tó dojú bolẹ̀, mo sì rántí pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tó dárúkọ náà. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé Eyínfúnjowó kì í ṣe orúkọ ìkómọjáde, inú igbó ló dàgbà sí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé wo ló wo eyín lẹ́nu ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ? Mo mọ̀ pé ìyàwó ló sọ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí n tún bi í, tàbí kí n yà bi aládùúgbò. Mo kọ ọ́, mo fi àmì mi sí i, mo sì kọjá sílé kejì.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́.

Obìnrin náà ń wojú mi. "Ẹ rí i, àbí?"

"Mo rí i," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ṣe rí fún yín kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tó sọ orúkọ sínú Ìwé ni yóò pe orúkọ náà níbí, ẹni tó ni ín yóò sì jẹ́ fúnra rẹ̀. Ìpè mẹ́ta ni. Bó bá jẹ́, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ba Ìwé jẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ yọ orúkọ tiẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dá a lẹ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní nọ́ńbà."

Ó bojú wo òpó kejìlélógún tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò béèrè ìtumọ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé ìbéèrè kan wà tí Dígí máa ń bi akọ̀wé lẹ́yìn náà, ìdáhùn méjì ló sì ní. Ó lè jẹ́ ẹnu tó sọ ọ́ ló jẹ̀bi. Ó sì lè jẹ́ ọwọ́ tó kọ ọ́.

"Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí," ló wí. "Ọmọ ọdún méje. Ojú ìwé kan náà lèmi àti ẹ̀ wà."

"Bí wọ́n bá yọ yín, ó yọ pẹ̀lú."

"Kò sí ọ̀nà kankan?"

Ọ̀nà kan wà, mo sì sọ ọ́, nítorí mi ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń purọ́ tán nígbà yẹn. Mo ní ẹni tó bá ti orí òpó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣí ojú ìwé tuntun lọ́jọ́ náà, ó sì lè kọ ọmọ ẹbí rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Mo wá fi kún un kíá pé, "Ìyá, ẹ máa lọ sílé. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yìí àfi èmi àti ẹ̀yin. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ lọ tọ́ ọmọ yín."

Ká ní ẹlòmíì ló kọ ojú ìwé yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ohun tí ǹ bá sọ náà nìyẹn. Àánú wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀, mi ò sì lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Òkè ni ohùn ti wá. "Ìyá Àṣàbí." Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sókè kó tó lè sọ̀rọ̀, ó mí, ó sì sọ ìyókù. "Ẹ máa lọ. Ẹ lọ mú ọmọ níléèwé." Ara rẹ̀ já wálẹ̀, ìdè gbọ́n ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó tún gbéra. "Ọ̀gá akọ̀wé, mi ò mọ obìnrin yìí rí o."

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní Ìyá Àṣàbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ Apá lọ́ọ̀ọ́kán rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tún ojú ṣe.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ìyá Àṣàbí gbé bàtà tó já náà sílẹ̀, ó bọ́ èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn," ló wí.

"Ẹ fara balẹ̀ rò ó."

"Mo ti rò ó. Bí mo bá lọ sílé, èmi ni mo pa á, màá sì máa gbé oúnjẹ síwájú ọmọ mi lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọwọ́ yìí. Bí mo bá dúró, àwọn méjèèjì á wà nínú Ìwé. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò."

Mi ò gbé e. Mo ń sọ fún ara mi pé ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, aago á lù, ọ̀rọ̀ á tán. Òun ló mú ọwọ́ mi, tó ká ìka mi sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ. Iná Etí tàn.

Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà nílé ọkọ tí orúkọ yẹn kò tíì gba ẹnu rẹ̀ kọjá. "Oyèéníran," ló wí, "Oyèéníran tó wà lókè yìí ni Eyínfúnjowó tó wà nínú Ìwé. Èmi ni mo sọ ọ́ fún akọ̀wé. Èmi ni."

Etí ní kó pe orúkọ.

Ó dìde, ó gbójú sókè, ó pè é. "Eyínfúnjowó."

Ọkùnrin náà yíjú sápá ibi tí òkun wà. Etí mìíràn wà lẹ́bàá orí rẹ̀ lókè, mo rí iná rẹ̀ tó ń dúró dè é. Ó di ẹnu pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí iṣan ọrùn rẹ̀.

"Eyínfúnjowó, ẹ dákun, ẹ jẹ́. Nítorí Ọlọ́run, nítorí ẹ̀gbọ́n yín."

Ó mi orí. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì jẹ́. Dígí kọ ọ́ sójú pé ìpè kan ló kù.

Mo rò pé yóò pe ẹ̀kẹta lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Kò pè é. Ó jókòó sílẹ̀ ní ìdí òpó, nínú iyanrìn gbígbóná, ó kẹ̀yìn sí ọkùnrin náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ọ̀kadà mẹ́ta kọjá lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò yíjú. Lókè, gbígbéra àti jíjá wálẹ̀ ọkùnrin náà ń falẹ̀ sí i. Orí rẹ̀ ti tẹ̀ wálẹ̀. Ó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ tí kò yé ẹnikẹ́ni, bí aláìsàn tí ibà gùn. Obìnrin náà ń tẹ́tí sí i. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ńṣe ló ń dúró kí iyè ọkùnrin náà ra, mo sì mọ bí ìyẹn ti nira tó fún un, nítorí ó ń gé ìka ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, irin yọ orí díẹ̀ ní ìdí òpó láti múra sílẹ̀. Ìyá Àṣàbí nu ojú. Kò yíjú sẹ́yìn. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀, ohùn lásán, bí ohùn ìyàwó ilé tó wà nídìí ààrò tí ọwọ́ rẹ̀ dí tó sì mọ̀ pé ẹni tí òun ń pè kò jìnnà.

"Eyínfúnjowó o! Ẹ wọlé wá jẹun. Ẹ̀bà ti ń tutù."

"Mò ń bọ̀," ọkùnrin náà wí.

Ó dáhùn láìla ojú, bí ọmọdé tó ń ṣeré lójúde. Iná Etí di àwọ̀ ewé. Irin padà sínú ilẹ̀, Apá gbọn ara rẹ̀ jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ igi kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo rẹ̀ àtijọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ tí ọlọ́dẹ sì tú ìdè, ó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n da omi sí i lójú. Ó lajú, ó wo òpó, ó wo obìnrin náà, mo sì rí i nígbà tí ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣe yé e. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbé e. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó di etí ìró rẹ̀ mú. "Ìyàwó, ẹ tàn mí," ló wí. "Ẹ tàn mí jẹ."

"Ẹ má bínú, ọkọ mi," ni Ìyá Àṣàbí wí. "Wọ́n ń tilẹ̀kùn iléèwé láago márùn-ún. Bẹ́ ẹ bá dé ibi ìkọ̀wé, Ìbùkúnadé ni kẹ́ ẹ pè é, ẹ má pè é ní Àṣàbí. Ẹ dúró kẹ́ ẹ rí i nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́."

Dígí ti tàn níwájú mi. TA LÓ BA ÌWÉ JẸ́? ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì: ẸNU lápá òsì, ỌWỌ́ lápá ọ̀tún. Ibi tí obìnrin náà dúró sí, ẹ̀yìn Dígí nìkan ló lè rí.

Ó sún mọ́ tábìlì fúnra rẹ̀, kí ọlọ́dẹ tó pè é. Ó wò mí lójú pẹ́. "Ẹ dákun sà," ló wí, "ó dà bíi pé mo mọ̀ yín. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wá sílé wa lọ́jọ́ tí wọ́n ka èèyàn?"

"Èmi kọ́," mo ní. "Àwọn èèyàn máa ń jọra."

Mo tẹ ẸNU. Ojú tì mí, ó sì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pa èèyàn bí òpó ṣe ń pa á.

Dígí ní kí n kọ orúkọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo bi í léèrè. Ó ní Ìyá Àṣàbí.

Mo ní, "Rárá, orúkọ yín gan-an, èyí tí wọ́n sọ yín lọ́jọ́ ìkómọjáde."

Ó ní Mosúnmọ́lá. Mo ní kó tún un pè, ó tún un pè. Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe pè é, mo sì yí Dígí sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i pé mi ò ṣì í kọ. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó kà á létè.

"Bó ṣe rí nìyẹn," ló wí. "Ẹ ṣé, sà."